Oògùn jẹjẹrẹ ti sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyá mi di dúdú, ó sì ń sán: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Alámàlà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ìyá mi ní jẹjẹrẹ ìfun. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, a dúpẹ́, ó yọrí sí rere. Hóró oògùn capecitabine ni wọ́n ń lò báyìí, láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 14, kí wọ́n tó fi ọjọ́ 7 sinmi. Àyípo kejì ni wọ́n wà.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn. Orí ìka wọn kọ́kọ́ ń kú tipiri, ó sì ń ta wọ́n. Kí a tó mọ̀, àtẹ́lẹwọ́ ti ń dúdú, àgàgà nínú àwọn ìlà ọwọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ti nípọn, gìgísẹ̀ ti sán, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ níbì kan. Àmàlà ni wọ́n ń tà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ ohun tí omorogùn ń fi ọwọ́ ṣe níwájú iná. Ó ti di pé tí wọ́n bá ti dì í mú, omi á máa bọ́ lójú wọn.

Wọn ò fẹ́ kí n sọ fún dókítà rárá. Wọ́n ní bí dókítà bá gbọ́, yóò gba oògùn lọ́wọ́ àwọn, àìsàn á sì padà. Àwọn aládùúgbò náà ń dá àbá: ẹnì kan ní ká máa fi omi gbígbóná àti iyọ̀ jó o, ẹnì kan gbé àgbo wá, ẹlòmíràn ní ká lé làálì sí i kí dúdú náà má baà hàn. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣe rí, tàbí tó ń tọ́jú ẹni tó ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì Ìṣọ́-Òru

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n sàn. Wọ́ọ̀dù àwọn tó ń gba kẹ́mò, ìyẹn àwọn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ bíi ti màmá, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ ròyìn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní hand-foot syndrome, ìyẹn àìsàn ọwọ́ àti ẹsẹ̀, capecitabine sì wà lára àwọn oògùn tó máa ń fà á jù. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í sì í ràn. Ẹ sọ ọ́ létí àwọn aládùúgbò bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní ọwọ́ yóò pọ́n. Lára èèyàn dúdú, pípọ́n náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tí à ń rí ni kí àtẹ́lẹwọ́ ṣókùnkùn, kí ìlà ọwọ́ dúdú bí ẹni fi yíǹkì fà á, kí awọ nípọn kó sì le. Nítorí èyí, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wá ibi tó pọ́n lè wo ọwọ́ náà kó ní kò sí nǹkan kan. Ẹ má dúró kí wọ́n rí i o. Ẹ fẹnu yín sọ ọ́: "Ó ń ta mí. Ó ń jó mi. Mi ò lè di omorogùn mú mọ́."

Ìpele mẹ́ta la pín in sí. Ní ìpele kìíní, ó lè kú tipiri, ó lè dúdú, ó lè gbẹ, ṣùgbọ́n kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ní ìkejì, ó ń dunni, ó ń wú, kì í jẹ́ kéèyàn ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ dáadáa. Ní ìkẹta, ó ti lé ròrò tàbí ó ti bó di egbò, èèyàn ò lè rìn, kò sì lè mú nǹkan. Màmá tí omi ń bọ́ lójú wọn nídìí iṣẹ́ wọn ti kúrò ní ìpele kìíní.

Nípa ẹ̀rù tó ń bà wọ́n: ìlànà oògùn náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé tó bá dé ìpele kejì tàbí ìkẹta, kí dókítà dá a dúró títí ọwọ́ yóò fi padà sí ìpele kìíní, kí wọ́n tó máa bá a lọ. Tó bá dé ìkẹta, wọ́n á dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Àwọn tó dá dúró fún ọjọ́ díẹ̀ lọ́nà yìí, tí wọ́n sì parí ìtọ́jú wọn, pọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Ẹni tó ń fi pamọ́ títí ó fi di egbò ni oògùn máa ń dá dúró fún pẹ́. Nítorí náà, ẹ gbé wọn lọ lọ́la. Kí wọ́n má dá oògùn dúró fúnra wọn, kí wọ́n má sì dín in kù fúnra wọn. Tí dókítà bá sì ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n má gbé hóró tó fò wọ́n pọ̀ mọ́ tọjọ́ mìíràn. Èyí tó fò ti fò nìyẹn.

Omi gbígbóná àti iyọ̀: rárá. Ìgbóná máa ń mú kó le sí i ni.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, ẹ bá mi kí màmá. Capecitabine náà ni mo lò fún jẹjẹrẹ ọmú, mo sì wà láyé lónìí, mo ń tọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń tọ́jú ọwọ́ mi.

Òrí ni. Òrí gidi tí wọn ò po lọ́fíńdà kankan mọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo fi ń wẹ̀, mo gbé kànrìnkàn sẹ́yìn, aṣọ rírọ̀ ni mo fi dípò rẹ̀. Ọṣẹ dúdú náà, mo sinmi lílò ó nígbà yẹn, ó máa ń gbẹ awọ tó ti ń là. Tí mo bá jáde ní balùwẹ̀, mo máa ń fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni, n kì í nù ún. Nígbà tí ara bá ṣì tutù díẹ̀ ni mo máa ń pa òrí sí i, kí ó lè sé omi yẹn mọ́nú awọ. Mo máa ń rọra tẹ́ ẹ sí i ni. Ríra nǹkan mọ́ ọwọ́ gìrìgìrì wà lára ohun tó ń bà á jẹ́.

Lálẹ́, mo máa ń pa á nípọn, mo wá wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú tí rọ́bà ẹnu rẹ̀ ò fún, mo sì wọ ìbọ̀wọ́ òwú funfun sùn. Ó máa ń rí bákan ní òru àkọ́kọ́. Ní àárọ̀, ìka yóò ká, ohun tí ń kò rí ṣe tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá fọwọ́ kan omi lójúmọ́ ni mo tún máa ń pa á, agolo òrí kékeré kan wà nínú báàgì mi, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì.

Ní ilé ìdáná ni iṣẹ́ wà jù. Kí màmá má fọwọ́ kan ata rárá, ata tútù tàbí gbígbẹ. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà nìkan kò dára, ó ń sé ooru àti òógùn mọ́ ọwọ́. Kí wọ́n wọ ti òwú sínú rẹ̀, kí wọ́n sì tètè bọ́ ọ. Fífún aṣọ, ṣíṣí ìdérí ìgò tó le, gígún nǹkan nínú odó, ẹ gbà á ṣe fún wọn. Òkèlè gbígbóná náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwa kì í fẹ́ fi ṣíbí jẹ àmàlà, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kó tutù díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ṣíbí jẹ ẹ́ ní àkókò yìí.

Ẹsẹ̀: kí wọ́n má rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé. Sálúbàtà rírọ̀ tó tóbi díẹ̀ ló dára, bàtà tó fún kò dára. Tí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi bíléèdì gé awọ gìgísẹ̀ tó nípọn, kí wọ́n má sì fi òkúta ha á. Ojú ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé.

Apòògùn Abẹ́òkúta

Ẹ kú àpérò. Gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì sọ ló dára. Mo ní díẹ̀ láti fi kún un láti ẹ̀yìn káńtà wa.

Kíríìmù kan wà tí wọ́n kọ urea 10% sí lára, urea jẹ́ èròjà tó ń mú awọ rọ̀. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn tó ń lo capecitabine, ó sì ṣe dáadáa nínú dídènà àìsàn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yìí. Láti ọjọ́ tí oògùn bá bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kéèyàn ti máa lò ó, kì í ṣe ìgbà tí ọwọ́ bá ti là. Tó bá ti là, urea yóò ta á lójú egbò, òrí tàbí Vaseline ló tọ́ sí ojú ibẹ̀ nígbà náà.

Èyí tó wú mi lórí jù ni gẹ́ẹ̀lì diclofenac 1%, èyí tí a máa ń fi pa orúnkún tó ń dunni. Ní ilé ìwòsàn AIIMS ní New Delhi, ní India, wọ́n kó àwọn aláìsàn 264 tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ capecitabine jọ. Àwọn kan ń fi gẹ́ẹ̀lì yìí pa ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, àwọn yòókù ń lo èyí tí kò ní oògùn nínú. Lára àwọn tó lo èyí tí kò ní oògùn, 15 nínú 100 ló dé ìpele kejì tàbí ìkẹta. Lára àwọn tó lo diclofenac, wọn ò pé 4 nínú 100. Ọdún 2024 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Gẹ́ẹ̀lì tí owó rẹ̀ kò ga ni, ó sì wà ní kẹ́míìsì gbogbo, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí bi dókítà rẹ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara túùbù náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà níbí ni wọ́n ti po menthol àti àwọn èròjà tó ń gbóná mọ́, ìyẹn kò yẹ ọwọ́ tó ń jó. Ẹ má fi sí ojú ibi tó là. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó gbé hóró diclofenac mì dípò rẹ̀, ó lè ba inú àti kíndìnrín jẹ́ fún ẹni tó ń gba kẹ́mò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: folic acid máa ń mú kí capecitabine le lára. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ tí à ń rà nínú ìgò, ó sì wà nínú fítámì oríṣiríṣi. A ó ní kí ara lè lókun, àṣé ọwọ́, ẹnu àti ìgbẹ́ gbuuru là ń dá kún. Ẹ kó gbogbo ìgò àti páálí tí màmá ń lò sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e lọ fún dókítà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Fítámì B6 tí àwọn kan ń rà nítorí ọwọ́, ìwádìí kò fi hàn pé ó ń dènà rẹ̀.

Mi ò ní bú àgbo, ìyá tó bí mi ń sè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí oògùn jẹjẹrẹ bá wà nínú ara, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, a ò sì mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ife àgbo kan. Kí wọ́n dá a dúró títí ìtọ́jú yóò fi parí. Làálì dúdú tí ń tètè mú, wọ́n sábà máa ń po èròjà tí wọ́n fi ń pa irun láró mọ́ ọn. Ó lè mú kí ara lé ròrò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọ̀ tó yẹ kí dókítà rí ló ń bò mọ́lẹ̀.

Kíríìmù túùbù tí wọ́n ń pè ní triple action, tí a máa ń fi sí gbogbo nǹkan tó bá sú sí wa lára, ẹ fi í sílẹ̀. Ìpara steroid líle wà nínú rẹ̀, ó ń sọ awọ di tín-ín-rín.

Tísà Àgbà

Ọmọ Alámàlà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni tèmi. Ẹ wá ẹni tí yóò máa ro àmàlà, kí màmá wá jókòó sídìí owó àti ọbẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Àwọn oníbàárà wọn, ojú wọn ni wọ́n ń wá rí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ pátápátá, ọkàn ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré máa ń rẹ̀ tó bá jókòó sílé.

Bàbá Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ sí tèmi, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ẹni tó nílò rẹ̀ lè wà níbí tí kò lè sọ̀rọ̀.

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CML ni mo ní. Imatinib ni oògùn mi. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2003, lábẹ́ ètò àwọn tó ń ṣe é, èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbà á. Oògùn náà gbà mí lọ́wọ́ ikú, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ojú ló kọ́kọ́ mọ́, lẹ́yìn náà ni ọrùn àti apá. Èmi tí wọ́n ń pè ní Adú láti kékeré! Ní ìjọ wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé alàgbà ti ń bóra. Ìyàwó mi pàápàá wá ìpara kiri nínú yàrá. Kò dùn mí lára o, ọkàn ló dùn. Àgbàlagbà ọkùnrin tí wọ́n ń fi ojú abóra wò kì í fẹ́ jáde.

Dókítà ló là mí lóye. Èròjà kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ KIT. Imatinib máa ń dí i lọ́wọ́, bó ṣe ń dí ti jẹjẹrẹ náà. KIT yìí kan náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dúdú awọ wa nílò láti ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni dúdú ara ń dín kù, àwa tí awọ wa dúdú la sì ń rí i jù. Kò ba nǹkan kan jẹ́ nínú ara. Tí wọ́n bá dín oògùn kù tàbí tí wọ́n dá a dúró, dúdú náà sábà máa ń padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ kó tìtorí àwọ̀ dá imatinib dúró. CML yóò tún gbérí.

Ohun tí mo ṣe: mo mú páálí oògùn àti ìwé dókítà, mo pe pásítọ̀ àti àwọn alàgbà méjì, mo ṣàlàyé fún wọn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ mi náà. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ti dáwọ́ dúró, àwọn kan tilẹ̀ wá ń bi mí léèrè nípa ẹbí wọn tó ń ṣàìsàn. Awọ tó ti mọ́ yìí kò lágbára lójú oòrùn bíi ti tẹ́lẹ̀: fìlà fẹ̀ǹfẹ̀, aṣọ alápá gígùn, agboòrùn. Mi ò pa ohunkóhun tí wọ́n ní yóò sọ mí di dúdú padà.

Ojú mi tún máa ń wú láàárọ̀, lábẹ́ ìpéǹpéjú. Imatinib ló ń ṣe ìyẹn náà. Mo fi ìrọ̀rí kún ìrọ̀rí, mo dín iyọ̀ kù. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá wú, tí èémí ń gé, tàbí tí ara wúwo sí i lójijì, ilé ìwòsàn ni kéèyàn lọ.

Ọmọ Alámàlà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì sétí ìyá mi, wọ́n gbà, a sì lọ. Dókítà ní ìpele kejì ni. Wọ́n dá oògùn dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ká padà wá kí wọ́n tún wò ó. A sì rí folic acid nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń mu! Wọ́n ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Àbúrò mi ló ń ro àmàlà báyìí.

Ìbéèrè kan kù: màmá lọ sí báńkì, ẹ̀rọ ò mú ìtẹ̀ka wọn, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ń kùn. Ṣé ara rẹ̀ náà nìyẹn?

Òṣìṣẹ́ Báńkì

Ara rẹ̀ ni, mà. Ẹ̀rọ ń ka ìlà orí ìka ni, oògùn yìí sì lè pa á rẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan láti Singapore tó ń lo capecitabine: ní oṣù December 2008, wọ́n dá a dúró fún wákàtí mẹ́rin ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà torí pé ìka rẹ̀ kò ní ìtẹ̀ka. Àwọn dókítà rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tó sọ orúkọ oògùn náà àti ohun tó ń fi ìka ṣe. Ẹ máa mú un dání lọ sí báńkì, ibi ìforúkọsílẹ̀ NIN, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ gba ìwé ìrìnnà lọ sí Mẹ́kà tàbí ìlú òyìnbó. Ní báńkì, ẹ má dúró sórí ìlà, ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó àwọn oníbàárà, kí wọ́n lo fọ́tò, káàdì àti ìbuwọ́lù. Bí àkókò ìdìbò bá dé, ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò lè fi ojú dá èèyàn mọ̀ tí ìka ò bá ṣiṣẹ́, wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀ ní 2023. Ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn, tó sì ní ohun kan tó nílò ìtẹ̀ka níwájú, kí ó tètè lọ ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí oògùn bá parí, ìlà náà máa ń padà.

Ará Peckham

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ mi ń lo afatinib fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ojú rẹ̀, orí àti àyà kún fún nǹkan tó jọ irorẹ́, ó ń yún un, ó sì ń jó o. Mo fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá rí irú rẹ̀ pé kì í ṣe irorẹ́ o. Ìpara irorẹ́ tí benzoyl peroxide wà nínú rẹ̀ yóò gbẹ awọ, yóò sì dá kún un. Hóró oògùn doxycycline tó ń gbógun ti kòkòrò ni wọ́n fún un, pẹ̀lú ìpara hydrocortisone 1% tí kò le, àti ìpara tí kò ní òórùn dídùn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ àwọn wọ̀nyí kí ara tó sú rárá, ó sì ń dín in kù, nítorí náà ẹ béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbé doxycycline mì, kó mu omi púpọ̀ sí i, kó má sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó sì ṣọ́ra fún oòrùn.

Lára awọ wa, tí sísú náà bá lọ, àpá dúdú máa ń kù. Ẹ má fi ìpara ìbóra lé e. Sunscreen, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, ló ń jẹ́ kí àpá náà tètè ṣá, ẹ wá èyí tí kì í fi ojú sílẹ̀ ní funfun, tí wọ́n kọ SPF 30 sókè sí lára.

Ẹ bá onígbàjámọ̀ yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ọkọ mi ní kílípà tirẹ̀ tó ń gbé lọ, wọn kì í fi bíléèdì fá etí irun rẹ̀ mọ́, wọn kì í sì í fi spirit nù ún lẹ́yìn náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Fún ẹni tó ń gba kẹ́mò docetaxel tó ń bẹ̀rù èékánná: tèmi dúdú, méjì sì ṣí kúrò lára ìka. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún mi pé dídi ọwọ́ mú sínú òtútù nígbà tí oògùn ń wọlé máa ń ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ti dán an wò ní Faransé, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ dídì sí ọwọ́ ọ̀tún nìkan, èékánná ọ̀tún sì dára ju ti òsì lọ. Èmi ò ní ìbọ̀wọ́ dídì, pure water ni mo dì nínú fíríìsà, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, mo gbé e dání. Àwọn èékánná tó hù lẹ́yìn náà dára.

Nọ́ọ̀sì Ìṣọ́-Òru

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan sí i kí ẹnì kankan má baà ṣèṣe. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ kẹ́mò oxaliplatin pẹ̀lú capecitabine kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan yìnyín tàbí omi tútù ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé abẹ́rẹ́ náà, òtútù máa ń ta iṣan rẹ̀ gan-an. Ẹni tó ní sickle cell náà kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yín kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan dídì wá.

Ní ti àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la: tí ara bá gbóná tó 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà lóru, ẹ má kọ́kọ́ lo oògùn ibà. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé kẹ́mò lẹ ń gbà. Tí awọ bá ń ṣí ní abala-abala, tí ẹnu, ojú tàbí ojú ara bá ń bó pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí egbò ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń ṣọyún, tó ń gbóná, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru tí kò dáwọ́ dúró pẹ̀lú egbò ẹnu nínú àyípo àkọ́kọ́ capecitabine náà kò ṣeé fi jáfara, torí ara àwọn kan kò lè palẹ̀ oògùn náà mọ́.

Ra tẹmómítà sílé. Fífọwọ́ kan iwájú orí kò tó.

Ìyá Alhaja

Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Oògùn yìí ni mo ń lò, ọwọ́ mi ti là, àlùwàlá ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ sì ń jẹ́ kó gbẹ sí i. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Kéwú

Alhaja, Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè. Tí dókítà bá ní omi ń pa ọwọ́ náà lára, ẹ ṣe táyámọ́mù, erùpẹ̀ mímọ́ lẹ ó fọwọ́ kàn fẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe fífi gbo ó. Ẹ sọ fún áfáà yín kó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín dáadáa, pàápàá tó bá jẹ́ pé ojú egbò ni.

Tí omi ò bá tíì ṣe é ní jàǹbá, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ṣe é, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó fún oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kẹ́ ẹ sì pa òrí lẹ́yìn rẹ̀. Tí àlùwàlá kò bá bàjẹ́, ẹ lè fi ẹyọ kan kí ìrun méjì. Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń dùn lè jókòó kírun. Ẹ tẹ́ nǹkan rírọ̀ sábẹ́ ẹní.

Ìyá Ìbejì

Kí òrí tí wọ́n pa tẹ́lẹ̀ má baà dí omi, Alhaja, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ nù ún kúrò, kẹ́ ẹ tó ṣe àlùwàlá. Ẹ gbé agolo òrí kan sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́tùlù àlùwàlá yín.